Bí Ìyá Rẹ Ṣe Gba Òkè Abaká Wa Là

Tinagbakan,
Ìpínlẹ̀ Catanduanes.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 1991.

Delfa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ láti ìsàlẹ̀ ọkàn mi wá. Ìrètí mi ni pé ara rẹ le koko, pé òtútù Hong Kong kò rí ọ gbé ṣe, àti pé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú lọ́hùn-ún mọyì ọwọ́ rẹ bí àwa ṣe mọyì rẹ̀ nílé. Ní tiwa, ara wa dá ṣáṣá. Lola rẹ, ìyá mi, ṣì ń fi eyín kan ṣoṣo tó kù sẹ́nu rẹ̀ bá àgbàdo jà, ó sì ń borí.

Mo mọ̀ pé àyà rẹ á ti já bí o ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi lára àpò ìwé yìí. Láti ọdún mẹ́rin tí o ti lọ, ìyá rẹ ló ń kọ̀wé sí ọ, tèmi kò ju "Bàbá rẹ ní kí n kí ọ" tó máa ń wà nísàlẹ̀ lọ. Fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ìròyìn ayọ̀ ni, nípa ìyá rẹ sì ni. Òun kò ní sọ ọ́ fún ọ láé, ìwọ náà mọ irú ẹni tó jẹ́: bó bá fi ọwọ́ lásán mú ẹja tó ga jù ú lọ, á ní ẹ̀fọ́ lòun rà bọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìtìjú tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ni ìtìjú fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀.

Kò sọ fún ọ pé o kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́hùn-ún tí àrùn fi wọ oko abaká wa. O rántí bí o ṣe sunkún nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, pé kí ló dé tí abaká, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa, kò ṣe é jẹ? Mo fi ọ̀bẹ bó itì kan níwájú rẹ, mo fa fọ́nrán funfun gbọọrọ jáde, mo ní, "Èyí là ń jẹ. Ọkọ̀ òkun wo ló lè dúró ní èbúté láìsí okùn?" Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di òní. Ní erékùṣù wa yìí tí ìjì ń gbá lọ́dọọdún, àgbọn á wó, ìrẹsì á rì sómi, ṣùgbọ́n abaká á tún yọ ọmọ láti ìdí. Òun ló rán ọ nílé ìwé. Òun ló ra páànù orí ilé wa. Àfi bí ewé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, tó ń le gbagidi, tó ń kó ara jọ sókè orí bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì. Igi tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ga mọ́, kò sì ní okùn kankan nínú.

Ìjọba wá rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí wa, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ọ̀gbìn, Florante lorúkọ rẹ̀, irun rẹ̀ ń dán, alùpùpù rẹ̀ ń tú èéfín. Ó pè wá jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní àrùn náà kò lóògùn. Ó ní kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó dà bí iná orí ló ń gbé e láti ara igi kan dé òmíràn. Ó ní ohun tó kù ni pé ká hú gbogbo abaká tó wà lórí òkè tegbòtegbò, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tó dà bíi pé ara rẹ̀ yá, ká gé wọn wẹ́wẹ́, ká bò wọ́n mọ́ ihò, ká fi ọ̀dùnkún àti àgbàdo sí ilẹ̀ náà fún ọdún kan, kí a tó wá ọmọ abaká tí ara rẹ̀ mọ́ gbìn.

Manoy Crispulo, ẹ̀gbọ́n gbogbo ìlú, dìde. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tí oko rẹ̀ tóbi tó tirẹ̀ lórí òkè, kò sì sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò tó tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà mí o! Orí ń fọ́ mi, dókítà ní kí n lọ gé e sọnù. Florante, ọmọ dáadáa, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o jáde nílé ṣá?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, omijé bọ́ lójú mi.

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Manoy, ẹsẹ̀ tó ń jẹrà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe orí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà tí kò jẹ́ kí wọ́n gé e, odindi ara ni yóò gbé lọ sí sàréè."

Manoy ní, "Ó dáa, Ìyá Delfa. Ẹ lọ gé tiyín ná, ká wò ó bóyá ẹ ṣì lè rìn."

Gbogbo ojú kọjú sí mi. Èmi kọjú sí bàtà mi.

Bí a ṣe délé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo ní bàbá mi ló gbin àwọn igi yẹn lọ́dún tí ogun àwọn ará Japan parí, àti pé àdá kan kò ní kàn wọ́n bí mo bá ṣì ń mí. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Delfa, bàbá yín kò gbin igi kó lè máa wo igi. Ó gbìn ín kí ẹ lè jẹun ni." Èsì tí mo fọ̀ kò yẹ kó ti ẹnu ọkọ jáde. Mo ní ẹni tó ti òdìkejì etíkun wá sílé mi pẹ̀lú ẹní kan ṣoṣo kò ní kọ́ mi bí mo ṣe máa lo ilẹ̀ bàbá mi. Delfa, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ jáde lọ pọ́n àdá. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kejì mo bínú bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Panganiban láti lọ dẹ alákàn. Mo lo ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo padà, mo ti etíkun gbójú sókè, mi ò mọ òkè ilé wa mọ́. Oko wa ti di ilẹ̀ pupa borokoto láàárín oko àwọn ará ìyókù, bí orí tí wọ́n fá apá kan rẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn opó méjì tó bá a ṣiṣẹ́, ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wú, ó sì bó yánnayànna. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò."

N kò jẹ ẹ́. Fún oṣù méjì gbáko, Lola rẹ ni mò ń rán sí i. Mo máa ń sọ pé, "Ìyá mi, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé iyọ̀ ti tán." Lola a ní, "Etí mi ti di. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ jókòó ti ara yín, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ iyọ̀." Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún yẹn le. Ọ̀dùnkún láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́, ewé kókò tí a fi wàrà àgbọn sè ní ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹnuure. Wọn kì í jókòó ti ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin Tó Sin Ogún ni wọ́n sọ ọ́. Bó bá ń kọjá lọ, Manoy Crispulo á pariwo láti orí àga rẹ̀ pé, "Ìyá Delfa, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ìyá rẹ á dáhùn pé, "Ó ń hù bọ̀, Manoy," á sì máa rìn lọ.

Nígbà tí ọdún náà yí po, Florante bá a rí ibì kan láàárín àwọn òkè ńláńlá tó wà ní àárín gbùngbùn erékùṣù, tí àrùn náà kò tíì dé. Ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni. Ìyá rẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń pọn àwọn ọmọ abaká náà bọ̀, bó ṣe pọn ìwọ náà nígbà kan. Èmi ń wò ó. N kò ràn án lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ibi tó ń dùn mí jù lọ rèé. Nígbà tí wọ́n ń hú igi, àwọn igi mẹ́tàdínlógún kan ṣẹ́kù nínú kòtò tó wà létí odò, lẹ́yìn ọparun. Mo rò pé àwọn obìnrin náà kò rí wọn ni. Inú mi dùn bí ẹni tó rí bàbá rẹ̀ láàyè. Mo fi ẹ̀gún dí ọ̀nà ibẹ̀, n kò sọ fún ẹnì kankan, mo sì ń lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tí Florante wí nípa kòkòrò. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ abaká tí ìyá rẹ gbìn kò jìnnà síbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti gbin ti tuntun, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kòtò náà. Mo bá ìyá rẹ níbẹ̀. Ó lóṣòó pẹ̀lú garawa omi ọṣẹ àti àkísà, ó ń nu àwọn igi mi ní ewé kọ̀ọ̀kan, ní abẹ́ ewé, ní kọ̀rọ̀ ewé, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ọparun. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn tó fi ní, "Ẹ jáde níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gún á gún yín."

Mo jáde. Mo ní, "Láti ìgbà wo lo ti ń wá síbí?"

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti gbin àwọn ọmọ. Bí n kò bá fọ kòkòrò wọ̀nyí dànù láràárọ̀, wọ́n á fò lọ bá wọn."

"Kí ló dé tí o kò kàn hú wọn?"

Ó fún àkísà náà, ó gbé e lé etí garawa. Ó ní, "Igi bàbá yín ni. Mo ti hú èyí tó pọ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu yín, ó sì ń dùn mí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá tún un ṣe. Ní ti àwọn wọ̀nyí, mo ní kí n dúró dè yín."

Mo wo àwọn igi náà dáadáa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti kó ewé jọ. Mo padà sílé, mo mú àdá àti ọkọ́. Èmi fúnra mi ni mo hú wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ wá dúró tì mí. Ó di ọkọ́ mú fún mi títí mo fi sunkún tán, tí mo dìde hú u. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹní tí mo sọ. Ó ní, "Ẹní ọ̀hún ti gbó. Ẹ ra òmíràn."

Ní gbogbo àkókò yìí, òkè àwọn ará ìyókù ń kú lọ. Ti Manoy Crispulo ló burú jù. Kò pariwo láti orí àga mọ́. Ó yé gbogbo ayé pé híhú ló kù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè gbé àdá. Ìyá rẹ ló mọ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè pa igi tí bàbá rẹ̀ gbìn. Èmi lè hú tiyín nítorí pé kì í ṣe bàbá mi ló gbìn ín. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àáró. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tirẹ̀."

Mo dìde níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo sì ròyìn igi mẹ́tàdínlógún mi fún gbogbo ìlú. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí mo parí, Manoy Crispulo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ó ní, "Ta ló máa wá hú tèmi?"

Ìyá rẹ ní, "Èmi ni, Manoy."

"Ẹ rọra o, Ìyá Delfa. Ẹ má gbádùn ẹ̀ jù."

Ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín tí ẹkún wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi hú gbogbo òkè náà, olúkúlùkù lórí oko ẹlòmíràn. Èmi ni wọ́n fi sí oko àwọn opó méjì yẹn. A sun àwọn ewé gbígbẹ, èéfín rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń ti èbúté Tabaco bọ̀ rò pé òkè Tinagbakan fẹ́ bú gbàmù bí òkè oníná. Nígbà tí ilẹ̀ náà sinmi ọdún kan tán, níwọ̀n bí ọmọ abaká ìyá rẹ ti ń bímọ, òun la kọ́kọ́ gbìn fún àwọn tí kò ní nǹkan kan, àwọn ọkùnrin sì ń lọ pọn ìyókù wá láti àárín òkè. Ilé tó bá ní ọ̀dùnkún ń fún ilé tí kò ní.

Ìjì ọdún yẹn ni ìyá rẹ kọ̀wé sí ọ nípa rẹ̀, èyí tó ká páànù ilé wa lọ. Ohun tí kò sọ ni pé kí ó tó wá páànù, orí òkè ló kọ́kọ́ sá lọ. Àwọn abaká kéékèèké náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti tún nàró.

Oṣù tó kọjá la kórè àkọ́kọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n fa ti ìṣáájú. Mo ki itì sábẹ́ ọ̀bẹ, mo fi gbogbo agbára fà, fọ́nrán náà jáde, ó funfun bí irun Lola, ó gùn jù mí lọ. Delfa, mo ti ń fa abaká láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, n kò rí irú rẹ̀ rí. A sá a sí oòrùn títí gbogbo ojúlé fi dà bíi pé wọ́n na aṣọ ìyàwó sí i. A kó o lọ sí Virac. Ọkùnrin tó ń yẹ fọ́nrán wò ní ilé ìkẹ́rùsí mú ẹyọ kan, ó fà á kó lè já, kò já. Ó mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n fi í sí ìpele tó ga jù lọ, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó bi wá pé, "Níbo lèyí ti wá?"

Mo ní, "Tinagbakan."

Ó ní, "Tinagbakan kẹ̀? Wọ́n sọ fún mi pé abaká ti tán níbẹ̀."

Ìyá rẹ ní, "Àwa náà gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe ìpàdé àwọn àgbẹ̀ abaká láti ìlú mọ́kọ̀ọ̀kànlá ìpínlẹ̀ wa sí gbàgede Virac, nítorí àrùn náà ti tàn ká. Florante ní ìyá rẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ wọ aṣọ aláró tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n gbé makirofóònù sí i lẹ́nu, ó ní "Ẹ kú àárọ̀" nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Mama, ẹni tó bá hú tirẹ̀ tán, kí ni yóò jẹ fún ọdún méjì?"

Ìyá rẹ ní, "Ọ̀dùnkún. Yóò sú yín. Ó sú àwa náà. Ṣùgbọ́n ebi ò pa ẹnì kankan kú lọ́dọ̀ wa. Ẹ mú ilẹ̀ yín mọ́ ná. Bí ọdún bá yí, àwa fúnra wa la máa gbé ọmọ abaká wá bá yín, a ò sì ní gba péésò kan."

Mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ ni. Wọn ò pàtẹ́wọ́, ńṣe ni wọ́n dìde, gbogbo gbàgede náà, àwọn arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn pẹ̀lú. Manoy Crispulo ló wá figbe ta, "Tiwa ni o! Ará Tinagbakan ni!" bíi pé òun ló bí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi ìyá rẹ ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ abaká ní gbogbo erékùṣù.

Ìlú kan tó wà ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí òkun ti le, ti hú abaká rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú ìpàdé yẹn. Lánàá la kó ọmọ abaká lọ fún wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, nínú ọkọ̀ ojú omi márùn-ún. Omi mù mí dé àyà, mò ń gbé wọn sókè fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ewé wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, o máa rò pé igbó ló kọ́ ìwẹ̀ tó ń lọ sókun. Gbogbo ìlú wà létí omi, wọ́n ń kọrin. Ìyá rẹ dúró níwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ kan di àketè rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́. Atukọ̀ kan tó jẹ́ ará ìlú ọ̀hún tẹ̀ sí mi, ó ní, "Bàbá, ta ni obìnrin tó wà níwájú yẹn?" Mo ní, "Ìyàwó mi ni!" Mo pariwo rẹ̀ débi pé orin dúró, ìyá rẹ yíjú padà, gbogbo èèyàn sì ń wò mí. Mo tún un sọ.

Delfa, kí Ọlọ́run tó ń pàṣẹ fún ìgbì òkun máa pàṣẹ ire sí ọ̀nà rẹ. Kí Ina, Ìyá Olúwa wa tí gbogbo ilẹ̀ Bicol ń ké pè, fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́. Oorun rẹ á máa dùn, oúnjẹ rẹ á máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a ó sì fojú kan ara wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ń fi ìyá rẹ àti ìwọ yangàn,
Eustaquio.

Àfikún: Má fowó ránṣẹ́. Bàtà òjò ni kí o bá mi rà fún ìyá rẹ, èyí tó lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́mbà mẹ́rìndínlógójì. Ó ní ìlú mẹ́sàn-án ló kù tí òun kò tíì mú ọmọ abaká dé, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.